Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ Agbẹ̀bí Tí Owó Wa Ká: Ìtọ́nà fún Àwọn Ará Mowe, Ibafọ àti Ifọ

Ẹni tó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ibafọ àti Mowe, tàbí tó bá wọ àwọn àdúgbò tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Ifọ, yóò rí pátákó ilé agbẹ̀bí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọ, àwọn kan jẹ́ ti ìyá alágbo, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ya yàrá kan tàbí méjì sọ́tọ̀ fún àwọn aboyún nínú ilé rẹ̀. Láàárín wọn ni a tún ti máa ń rí pátákó irú mìíràn, èyí tó ń kéde pé wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ agbẹ̀bí láàárín oṣù díẹ̀, ní owó pọ́ọ́kú.

Irú pátákó kejì yìí ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti àwọn ìyá tó ti bímọ tán tí ọkàn wọn sì fà sí ìtọ́jú aboyún, ló ń wo irú ìkéde bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrètí. Owó ọwọ́ wọn kò pọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí wọ́n di agbẹ̀bí tó lè tọ obìnrin lọ sí ilé rẹ̀, kí ó gbẹ̀bí fún un, kí a sì gbọ́ ohùn ìyá kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ìfẹ́ ọkàn rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá yàn ni yóò sọ bóyá yóò lè fi gbangba ṣe iṣẹ́ náà tàbí yóò máa fara pa mọ́ fún àwọn aṣojú ìjọba. Òun náà ni yóò sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò lè ṣe ní òru ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyá ọmọ tí kò sì dá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo

Ìwádìí ètò ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìbí, 39 péré ló wáyé ní ilé-ìwòsàn, àti pé 43 ni ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé iye tiwa ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù sàn ju èyí lọ. Síbẹ̀, ìwádìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé ìyá 512 ló ń kú nípa oyún àti ìbímọ nínú ìbí 100,000. Ohun tó ń pa wọ́n kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ti aboyún rí: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tó di gìrì, kòkòrò tó wọ inú ilé ọmọ, àti ìrọbí tó há.

Ibi tí a ń gbé tún dá kún un. Mowe àti Ibafọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Owódé, nígbà tí Ifọ jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Nítorí pé Èkó kò jìnnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé-ìwòsàn ńlá kò jìnnà náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé aboyún láti Ibafọ lọ sí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù ní àkókò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, pàápàá láàárín àwọn ọdún tí wọ́n fi ń tún òpópónà náà ṣe láti 2013. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í dúró de ọkọ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le koko ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Bí agbẹ̀bí bá gbẹ̀bí nínú ilé, ohun tó bá mọ̀ àti ohun tó bá wà nínú àpò rẹ̀ ni obìnrin náà ní títí ọkọ̀ yóò fi dé ibi tó ń lọ.

Ohun tí òfin pè ní agbẹ̀bí

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ orúkọ Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Iṣẹ́ náà lọ́jọ́ lórí. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn ìyá wa ti ń gbẹ̀bí kí òyìnbó tó dé, ìkúnlẹ̀ abiyamọ tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ títí di òní sì ń rán wa létí bí wọ́n ṣe ń bímọ: lórí eékún, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn. (Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a jẹ́ kí obìnrin yan ipò tó bá tù ú lára, títí kan ìdúró àti ìkúnlẹ̀. A kò rò pé yóò ya àwọn ìyá àgbà lẹ́nu.)

Ṣùgbọ́n lónìí, orúkọ agbẹ̀bí ní Nàìjíríà jẹ́ orúkọ tí òfin ń ṣọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni Nursing and Midwifery Council of Nigeria, èyí tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀ nígbà tó so ètò àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí pọ̀ sójú kan. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun ló ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó yege sínú ìwé, òun ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwé àṣẹ náà kì í ṣe ti títí láé. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá sí lábẹ́ Ìgbìmọ̀ yìí kò lè sọ ẹnikẹ́ni di agbẹ̀bí, bó ti wù kí ìwé ẹ̀rí tó ń fúnni dán tó.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí àgbáyé, ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán lẹ́nu ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi iṣẹ́ agbẹ̀bí kún iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oṣù méjìdínlógún. Iye ọdún yìí náà ni Nàìjíríà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, nígbà tí pátákó kan bá sọ pé oṣù mẹ́fà, ẹ mọ̀ pé ohun mìíràn ni wọ́n ń tà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ọ̀nà tó tọ́ jùlọ ni ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Abẹ́òkúta ló súnmọ́ àwọn ará Ifọ jù, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn iṣẹ́ yìí ti pẹ́: ilé-ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, tí àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní ọdún 1895, ni a mọ̀ sí ilé-ìwòsàn tó pẹ́ jùlọ ní Nàìjíríà, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kírẹ́dììtì márùn-ún nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, kí ó má ju ìjókòó méjì lọ: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólójì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì.

Ẹ fi sọ́kàn pé ètò náà ti ń yí padà ní àwọn ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ti ń fúnni ní ND àti HND dípò ìwé ẹ̀rí àtijọ́, ìdánwò JAMB sì ti wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àǹtí yín tó kàwé jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn bá sọ nípa owó àti iye ọdún lè máà rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kan wà tó ń la gbogbo ìyípadà yìí já, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà ní tààràtà: nígbà tí ọmọ wa bá parí, ṣé yóò jókòó fún ìdánwò agbẹ̀bí ti Ìgbìmọ̀, ṣé ti nọ́ọ̀sì nìkan ni, àbí méjèèjì?

Ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ lè fi oṣù méjìdínlógún kún un kí ó sì di agbẹ̀bí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹbí tó sì ń rò ó, kí ó má ṣe rò ó pẹ́. Yunifásítì ń kọ́ni ní ọdún márùn-ún, irú èyí tí Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ń ṣe, ṣùgbọ́n owó yunifásítì aládàáni kì í ṣe ohun tí a lè pè ní pọ́ọ́kú, a kò sì ní fi àkókò ẹ ṣòfò lórí rẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀nà kejì tí a fẹ́ kí àwọn òbí wò dáadáa, tí ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ kà sí, ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a ń pè ní CHEW àti JCHEW. Ọdún méjì ni ti JCHEW, ọdún mẹ́ta ni ti CHEW. Ìgbìmọ̀ tiwọn yàtọ̀, òun ni Community Health Practitioners Registration Board of Nigeria, tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ilese-Ìjẹ̀bú, tó ti gorí ipò pólítẹ́kíníìkì báyìí, jẹ́ ibi tí àwọn ará ìpínlẹ̀ wa ti mọ̀ pé a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó rẹ̀ máa ń kéré sí ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ìdí tí a fi gbé e síwájú ni pé iṣẹ́ wọn gan-an ni láti máa wọ ilé dé ilé. Òfin gbà wọ́n láyè láti tọ́jú aboyún àti láti gbẹ̀bí tí kò ní ìṣòro, ní ìbámu pẹ̀lú ìwé ìlànà tí a fi lé wọn lọ́wọ́, ètò pínpín iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2014 sì fẹsẹ̀ ipa wọn múlẹ̀ sí i. A kò sọ pé CHEW jẹ́ agbẹ̀bí. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aboyún ìbejì, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, gbogbo ìwọ̀nyí ni yóò darí sí ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí owó àwọn òbí rẹ̀ kò ká ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí lónìí lè gba ọ̀nà yìí, kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn alábọ́dé ní Mowe tàbí Ifọ, kí ó sì máa tọ́jú owó pamọ́ fún ẹ̀kọ́ tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tiwa, ó sàn ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ìwé ẹ̀rí olóṣù mẹ́fà lọ.

Nípa àwọn nọ́ọ̀sì auxiliary

A kò fẹ́ fi ẹnu tẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń ṣe auxiliary ní àwọn ilé-ìwòsàn aládàáni ló ń ṣiṣẹ́ kára, tí wọn kì í sùn lóru, tí owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan. Ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé Ìgbìmọ̀ kò mọ ìwé ẹ̀rí auxiliary, ẹni tó bá sì lo ọdún méjì níbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gidi. Kò sí ọ̀nà àbùjá láti ibẹ̀.

Èyí tó tún burú ju òfò owó lọ ni ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní àbọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, orúkọ rẹ̀ ni ọsitósìnì. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, ó jẹ́ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣì wà nínú, tí ẹni tí kò mọ̀wọ̀n fà á sí ìyá lára kí ìrọbí lè yára, ilé ọmọ lè ya. Ọmọ yóò kú, ìyá náà lè kú, gbogbo rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń lo abẹ́rẹ́ náà láìmọ ìdí tó fi ń lò ó. Ẹni tí a kọ́ dáadáa mọ ìgbà tí a kì í lò ó.

Nítorí náà, fún ọmọbìnrin tí kò ní kírẹ́dììtì márùn-ún, ìmọ̀ràn tiwa kò ṣòro: owó tí ẹ fẹ́ san fún auxiliary, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àti ìdánwò GCE. Ọdún kan lórí Físíìsì àti Kẹ́mísírì kì í ṣe ọdún tó sọnù.

Bí a ṣe ń ṣírò owó náà

Owó tí a kọ sí iwájú ìwé ìkéde kì í ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó jẹ́ ìdá kan nínú rẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù wà, owó gbígba àyè wà, owó ilé gbígbé, aṣọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, bàtà, ìwé, ohun èlò, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀, owó ìdánwò, àti owó ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn àdúgbò fún ìdánrawò. Ẹni tó ń gbé Mowe kò lè máa lọ Abẹ́òkúta kí ó sì máa padà lójoojúmọ́, nítorí iṣẹ́ òru wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Ẹ sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n kọ gbogbo owó náà sílẹ̀ fún yín, láti ọjọ́ ìwọlé títí dé ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í mọ̀ títí yóò fi bọ́ sórí. Ìgbìmọ̀ máa ń fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà lọ́dún, orúkọ iye yẹn nìkan ni wọ́n sì máa ń gbà sílẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan a gba ènìyàn ju iye náà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó, yóò wọ aṣọ funfun, yóò lo ọdún kan tàbí méjì, kí ó tó mọ̀ pé orúkọ òun kò sí ní Àbújá, òun kò sì lè jókòó fún ìdánwò. Owó ọdún méjì ti wọ igbó. Ẹ wádìí ohun mẹ́ta: bóyá àṣẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ ní jẹ́ ti onígbà díẹ̀ tàbí àṣẹ kíkún, iye tí wọ́n lè gbà lọ́dún, àti iye tí wọ́n gbà ní ọdún tó kọjá. Ìgbìmọ̀ máa ń tẹ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí jáde, a sì lè wò ó kí a tó ra fọ́ọ̀mù.

Láti rí owó náà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àjọ ṣì ń ran ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́. Láti ọdún 2024 pẹ̀lú, àjọ NELFUND ti ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó láìsí èlé. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò bóyá orúkọ rẹ̀ wà lórí ètò náà. Àwọn ìjọ tó ní owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè fi agbẹ̀bí sí orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà sí i.

Ìbí mélòó ni yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ owó, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí. Nítorí ìwé nìkan kì í gbẹ̀bí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ní Amẹ́ríkà wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí inú ilé bí ẹní ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òótọ́ ni. Irú àwọn agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, a ń pè wọ́n ní CPM, wọ́n sì lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó fún ìdánwò bí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ọdún méjì, tí kò sì tíì wà níbi ìbí 55: mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí olùwòran, ogún gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ gbà lójú ọ̀gá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa púpọ̀ wà, akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ní láti gba ìbí 40, òfin ibẹ̀ sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe agbẹ̀bí tàbí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ gbẹ̀bí fún obìnrin, àyàfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́, iye ìbí kò dín.

Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò: ilé-ìwòsàn wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ń ṣe ìdánrawò? Ìbí mélòó ló ń wáyé níbẹ̀ lóṣù? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín in? Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo tí ènìyàn márùn-ún ń bímọ sí lóṣù kò ní agbẹ̀bí kankan tó fẹ́ mú jáde.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ wọn ní ohun tí agbẹ̀bí inú ilé nílò jù. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ìgbà tí aboyún bá wá. Kíkọ ìrìn ìrọbí sílẹ̀ wákàtí dé wákàtí kí a lè tètè mọ̀ pé ó há. Mímú ọmọ tí kò ké mí láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpò àti ìbòmú. Fífi òróró chlorhexidine pa ìwọ́ ọmọ dípò ìgbẹ́ ẹran tàbí epo. Lílo magnesium sulphate fún gìrì aboyún. Àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀: ní ọdún 2023, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé bí a bá ta aṣọ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ ìyá láti wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tí a sì fi gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ tó burú jáì dín kù ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi rọ́pò ojú. Ojú lásán máa ń rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bí kékeré.

A tún ní láti sọ èyí fún ẹni tó ń gbé ibi tí iná mànàmáná kò ti dúró: ọsitósìnì nílò fíríìjì, bí ooru bá ti mú un, agbára rẹ̀ ti lọ. Misoprostol, tó jẹ́ oníhóró, kò nílò fíríìjì. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ti sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó béèrè.

Àwọn ìyá agbẹ̀bí inú ìjọ

Ó ku àwọn ìyá tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò ní kírẹ́dììtì, tí wọn kò sì ní wọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run pè wọ́n sí iṣẹ́ yìí. Ilé agbẹ̀bí ìjọ ní ìtàn tó gùn láàárín wa. Láti ìgbà ìsọjí ọdún 1930 ní Ilésà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni irú rẹ̀ ti gbilẹ̀ nínú ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, àwọn ìjọ mìíràn tẹ̀ lé e, ibùdó ìjọ Ìràpadà ní Mowe náà sì ní ilé agbẹ̀bí tirẹ̀. Àwọn ìjọ kan ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí wọn fúnra wọn.

Ohun tí ẹ̀kọ́ inú ìjọ lè ṣe ni láti kọ́ ìyá náà ní ìmọ́tótó, ìtùnú, àdúrà, àti ojú tí a fi ń mọ ewu. Kò lè fún un ní ìwé àṣẹ ìjọba. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn àjọ àgbáyé fi gbà pé kíkọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò dín ikú ìyá kù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí àgbáyé ti sọ ọ́ kedere pé agbẹ̀bí ìbílẹ̀, ì báà gba ẹ̀kọ́ ráńpẹ́, kò sí lára àwọn tí a lè pè ní ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Wọn kò sọ pé kí a lé wọn dànù. Ipò alábàárìn aboyún àti afárá sí ilé-ìwòsàn ni wọ́n fi wọ́n sí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbìyànjú èyí lẹ́bàá ilé wa. Lẹ́yìn ètò Abiyè tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè kún un. Wọ́n bá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa mú aboyún wá sí ilé-ìwòsàn, wọ́n ń san owó fún wọn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kí ebi má baà dá wọn padà sídìí ìrọbí. Ohun tó dára nínú rẹ̀ lójú wa ni pé wọn kò bú àwọn ìyá náà, wọ́n sì mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ wọn wà nínú rẹ̀.

Kò di dandan kí ìjọ kan ní Ibafọ tàbí Ifọ dúró de ìjọba kí ó tó ṣe irú rẹ̀. Ìjọ lè gba agbẹ̀bí tó ní ìwé àṣẹ síṣẹ́, tó fi mọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kí àwọn ìyá agbẹ̀bí máa bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ ní yàrá kan náà. Kí wọ́n ti fi orúkọ gbogbo aboyún sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ wọn kí oṣù wọn tó pé. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti aboyún kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Kí wọ́n sì yan awakọ̀ méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, tí ọkọ̀ wọn ní epo lóru, tí wọ́n sì mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó yọ sí Ṣágámù tàbí Abẹ́òkúta nígbà tí òpópónà bá dí.